Àlá Kì Í Ṣe Ẹlẹ́rìí

Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Aláṣọ ti Jọ́ọ̀sì sọ nínú fóìsì mẹ́rin lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. A kọ ọ́ jáde fún ẹ̀yin tí ẹ wà lójú ọ̀nà àti ẹ̀yin tí ariwo ọjà ò jẹ́ kí ẹ gbọ́ fóìsì dáadáa. Bí Ìyá ṣe sọ ọ́ la ṣe kọ ọ́.

FÓÌSÌ KÌÍNÍ

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin ará wa ní Kánò, ní Kàdúná, ní Mínà, ní Makurdi, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Onitsha àti Aba, ẹ kú ọjà o, ẹ kú làálàá. Mo kí ẹ̀yin bàbá wa, mo kí ẹ̀yin ìyá wa, mo kí ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀ lónìí. Ẹni tí dátà ẹ̀ ò bá tó, kó dúró de èyí tí wọ́n máa kọ sílẹ̀.

Ẹ ó rántí pé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ẹnì kan nínú wa sọ àlá kan síbí. Ó ní òun rí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan lójú àlá, ó gbé àpò owó ẹgbẹ́ dání, ó sì jù ú sínú kànga. Kò dárúkọ ẹni náà o. Ṣùgbọ́n ó dárúkọ ìlú tó wà, ó sì dárúkọ ọjà tó ń tà. Kí ló wá kù? Ó ku fọ́tò nìkan.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹni mẹ́ta ti pè mí, torí pé ọwọ́ mi ni owó èésú wà. Wọ́n ní oṣù tó ń bọ̀ ló kan obìnrin yẹn láti kó èésú, àwọn ò sì fẹ́ kó kó o mọ́. Mo ní kí ló ṣe? Wọ́n ní, "Ìyá, ṣé ẹ ò gbọ́ àlá yẹn ni?" Obìnrin tó ti ń bá wa dá èésú láti ọdún mẹ́fà, tí kò jẹ wá ní kọ́bọ̀ rí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ẹnì kan tó máa ń kó ọjà àwìn fún un ti ní kó lọ mú owó wá ná. Nítorí àlá.

Mi ò bínú sí ẹni tó lá àlá. Ta ni kì í lá àlá? Àmọ́ èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti fi àlá ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ojú á tì mí díẹ̀, kò burú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Jọ́ọ̀sì, ẹ mọ ọjà ńlá wa ní Terminus. Ẹ mọ wàhálà oṣù kẹsàn-án ọdún 2001. A ṣì ń kó ara wa jọ lẹ́yìn ìyẹn nígbà tí iná jó ọjà náà ní oṣù kejì ọdún 2002. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níbẹ̀. Léèsì, àǹkárá, gínnì, gbogbo ẹ̀ di eérú. Èmi tí wọ́n ń pè ní Ìyá Aláṣọ, aṣọ tó wà lọ́rùn mi nìkan ló kù.

Láti ìgbà náà, iná ò kúrò lójú oorun mi. Tí mo bá ti dijú báyìí, inú ọjà ni mo wà, èéfín ti gba gbogbo ẹ̀, mo fẹ́ sáré, ẹsẹ̀ ò gbé mi. Mo fẹ́ pariwo, ohùn ò jáde. Màá ta jí, òógùn á ti bò mí, àyà mi á máa lù kìkì.

Nígbà yẹn, ọmọbìnrin kan ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ọmọ mọ̀lẹ́bí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti lo ọdún mẹ́rin, ó ku ọdún kan kó gba òmìnira. Ó wá di pé mo ń rí ọmọ yìí nínú àlá náà. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó mú kéègì kẹrosíìnì lọ́wọ́, ó ń wò mí. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan, mo rí i lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo gba ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó máa ń gbàdúrà fún wa lọ. Ó ní àlàyé wo ni mo tún ń wá, pé Ọlọ́run ti fi ọ̀tá inú ilé hàn mí.

Mi ò bi ọmọ náà ní nǹkan kan. Mo di ẹrù ẹ̀, mo fi í sínú ọkọ̀ òru. Owó ìbẹ̀rẹ̀ ọjà tí mo ṣèlérí fún ìyá ẹ̀, mi ò fún un. Mo tún wá kọ lẹ́tà sílé, mo sọ ìdí tí mo fi dá a padà. Ẹ mọ bí ilé wa ṣe rí. Lẹ́tà kan tó. Orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ yẹn ní àdúgbò, mi ò fẹ́ fi ẹnu mi pè é lónìí.

Ọ̀sẹ̀ kejì tó lọ, mo tún lá àlá iná. Iná kan náà, èéfín kan náà, ẹsẹ̀ mi ò gbé. Ọmọ ti lọ, iná ò lọ. Ẹni tó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná lọ́tẹ̀ yìí, tó mú kéègì lọ́wọ́, ìyá tó bí mi lọ́mọ ni. Ìyá mi ti kú láti ọdún 1994.

Ta ni mo tún fẹ́ fi sínú ọkọ̀ òru?

FÓÌSÌ KEJÌ

Ẹ má bínú, mo lọ mumi.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí gan-an ni àlá. Mo béèrè lọ́wọ́ dókítà, mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ mi tó ṣe nọ́ọ̀sì, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ààfáà àti àwọn pásítọ̀. Ohun tí mo rí kó jọ nìyí.

Àwọn baba wa sọ pé àlá tí ajá bá lá, inú ajá ló ń gbé. Ìyẹn ni pé ẹlòmíràn ò lè mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti rí ibi tí èèyàn lè yọjú wò ó díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà, Eugene Aserinsky lorúkọ ẹ̀. Ó lẹ wáyà mọ́ orí àti ẹ̀gbẹ́ ojú ọmọkùnrin ara ẹ̀, ọmọ ọdún 8, ó ní kó sùn. Nígbà tó ṣe, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé gìrìgìrì bí ẹni pé ọmọ ti jí. Ó wọlé lọ wò ó, ọmọ ń sùn fọnfọn, àmọ́ ẹyinjú ẹ̀ ń yí lábẹ́ ìpéǹpéjú. Òun àti ọ̀gá ẹ̀, Nathaniel Kleitman, gbé e jáde nínú ìwé ní ọdún 1953. Oorun yẹn ni àwọn dókítà ń pè ní REM títí di òní.

Wọ́n wá ń jí àwọn èèyàn lásìkò tí ojú wọn ń yí yẹn. Nínú ìgbà mẹ́wàá tí wọ́n bá jí èèyàn, bí ìgbà mẹ́jọ ló máa ń ní àlá láti sọ. Èèyàn tún lè lá àlá nínú oorun yòókù, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àlá tó le, tó gùn, tó láwọ̀, ti ń wá jù.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìṣẹ́jú 90, ìṣẹ́jú 90, ni oorun máa ń yí po. Èèyàn tó bá sùn dáadáa á wọ inú REM bí ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún lóru kan. Èyí àkọ́kọ́ kúrú, èyí tó bọ́ sí ìdájí ló gùn jù. Ẹ ẹ̀ rí i? Ọ̀pọ̀ wa gbàgbọ́ pé àlá ìdájí ló ní agbára jù. Ìdájí ni àlá gùn jù lóòótọ́, ìgbà yẹn náà la sì máa ń jí, ìdí ẹ̀ nìyẹn tá a fi ń rántí ẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun kì í lá àlá, ó ń lá a, kì í kàn rántí ni.

Lásìkò àlá yẹn, ọpọlọ máa ń ti ara pa bí ìgbà tí èèyàn fi àgádágodo sí ṣọ́ọ̀bù. Apá ò ní lè jù, ẹsẹ̀ ò ní lè ta, àfi ojú àti èémí. Ààbò ni. Ká ní ara ò tì pa ni, ẹni tó bá ń jà lójú àlá á lu ẹni tí wọ́n jọ sùn lálùbami. Dókítà kan ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, Michel Jouvet, ba ibi tó ń ti ara pa yẹn jẹ́ nínú ọpọlọ ológbò. Nígbà tí ológbò sùn tó wọ àlá, ó dìde, ó ń dọdẹ, ó ń fò mọ́ ohun tí kò sí níbẹ̀, ó sì ń sùn lọ. Tiẹ̀ ò gbé inú mọ́, ó jáde síta.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí dáadáa, torí ó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa rí. Nígbà míràn, ojú á ti là, ọpọlọ á ti jí, àmọ́ àgádágodo ara ò tíì ṣí. Èèyàn á rí yàrá ẹ̀, á rí fèrèsé, kò ní lè gbé ìka. Á dà bíi pé nǹkan tẹ̀ ẹ́ láyà. Á dà bíi pé ẹnì kan dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Àwa máa ń ní ogun òru ni, pé àwọn kan ló wá tẹ̀ wá mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kàn pé ta ni? Á bọ́ sórí ìyá ọkọ, á bọ́ sórí ìyàwó àgbà, á bọ́ sórí ìyá arúgbó ilé kejì.

Ẹ gbọ́ o. Ní Newfoundland, ilẹ̀ òtútù ní Kánádà, nǹkan kan náà ń ṣe wọ́n. Wọ́n ní ìyá arúgbó kan ló máa ń wá jókòó lé èèyàn láyà lóru. Ta ló rán ìyá arúgbó ti Kánádà? Ṣé ìyàwó àgbà yín náà ni?

Àìsùn tó ló máa ń fa èyí, oorun tí kò ní àkókò, àti sísùn sẹ́yìn gbalaja. Ta ni kì í sùn tó bí àwa? Ọkọ̀ òru Àìkú, ọjà Ajé, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ká jí láago mẹ́rin torí ẹrù tó ń bọ̀. Tó bá mú yín, ẹ má jà. Ẹ máa mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ gbìyànjú láti mi ìka ẹsẹ̀ kan. Á lọ, kì í sábà ju ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbàdúrà. Kó kàn má gbé orúkọ ẹnikẹ́ni sí i.

FÓÌSÌ KẸTA

Ẹ̀gbọ́n kan ti fi méséèjì ránṣẹ́ pé, "Ìyá, ẹ ti sọ bí àlá ṣe ń wá, kí wá ni ìtumọ̀ ẹ̀?" Ẹ ṣé, sà. Ibẹ̀ ni mò ń bọ̀.

Ẹnu àwọn onímọ̀ ò kò. Freud, dókítà ilẹ̀ Austria, sọ nínú ìwé tó kọ ọdún 1900 sí pé ìfẹ́ ọkàn tá a gbé pamọ́ ló ń wọ aṣọ míràn jáde lóru. Ní ọdún 1977, Hobson àti McCarley ní Harvard ní rárá, ìsàlẹ̀ ọpọlọ ló ń ta iná sókè fúnra ẹ̀, òkè ọpọlọ á wá máa fi ohun tó bá rí hun ìtàn. Ní ọdún 2000, Revonsuo ní ilẹ̀ Finland ní ọpọlọ ń fi àlá kọ́ wa bí a ṣe máa sá fún ewu ni, bí ìgbà tí sójà ń ṣe páréèdì kí ogun tó dé. Mi ò lè dá ẹjọ́ wọn. Àmọ́ ó ní ohun kan tí èmi ọlọ́jà lè fi ojú ara mi rí nínú gbogbo ẹ̀: ohun tá a gbé wọ oorun ló ń bá wa níbẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Robert Stickgold, ní kí àwọn kan máa ta géèmù Tetris, èyí tí bíríkì máa ń já bọ́ láti òkè tí èèyàn á máa tò ó. Tí wọ́n bá fẹ́ sùn, bíríkì ni wọ́n ń rí. Ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ ti bàjẹ́, tí kò rántí pé òun ta géèmù náà rí, òun náà rí bíríkì. Ọdún 2000 ni wọ́n gbé e jáde. Ṣé ó yà yín lẹ́nu? Ẹ̀yin tí ẹ ń ta tòmátì, ṣé ẹ kì í ka apẹ̀rẹ̀ lójú oorun? Èmi máa ń wọn aṣọ ní ọ̀pá títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Calvin Hall ní Amẹ́ríkà kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlá àwọn èèyàn jọ. Ó rí i pé ìbẹ̀rù àti ìdààmú pọ̀ nínú ẹ̀ ju ìdùnnú lọ. Bí àlá èèyàn ṣe máa ń rí nìyẹn. Nítorí náà, tí àlá yín bá burú, kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti dìde sí yín. Ara náà tún máa ń dá sí i. Ibà á mú àlá rúdurùdu wá. Oògùn ibà kan wà tó ń jẹ́ mefloquine, wọ́n kọ ọ́ sínú ìkìlọ̀ ẹ̀ pé ó lè fa àlá burúkú. Ẹni tó ń gbààwẹ̀, tó wá jẹ ìyán lójú àlá, ṣé ẹnì kan ló fún un jẹ ni, àbí ebi?

Ẹnì kan á ní, "Ìyá ti di òyìnbó, ṣé Ọlọ́run kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ lójú àlá mọ́ ni?" Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn tó ni ẹ̀sìn ṣe ṣe é.

Jósẹ́fù, tí àwọn Mùsùlùmí ń pè ní Ànábì Yúsúfù, wà nínú Bíbélì, ó wà nínú Kùránì. Nínú Kùránì, nígbà tó rọ́ àlá ẹ̀ fún bàbá ẹ̀, bàbá kìlọ̀ fún un pé kó má sọ ọ́ fún àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Nínú Bíbélì, ó sọ ọ́ fún wọn. Ibo ló bá a dé? Kànga. Àlá tí wọ́n gbé kiri ló jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n gbé àbúrò jù sí kòtò. Nígbà tó yá, Fáráò lá àlá màlúù méje tó sanra àti méje tó rù. Kí ni Jósẹ́fù ní kí wọ́n ṣe? Ó ní kí wọ́n kó ọkà jọ. Kò ní kí wọ́n lọ mú ẹnikẹ́ni. Àlá tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ló bí, kò bí ọ̀tá.

Ààfáà ṣàlàyé fún mi pé Ànábì Muhammad pín àlá sí mẹ́ta: èyí tó wá láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, èyí tí Èṣù fi ń kó ìbànújẹ́ báni, àti èyí tó jẹ́ ohun tí ọkàn èèyàn ń rò. Tí àlá bá burú, kí èèyàn fi Ọlọ́run sádì, kó yí ẹ̀gbẹ́ padà, kó má sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tó ní babaláwo nílé, ẹ̀yin náà mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá gbé àlá lọ bá baba, baba ò ní ti orí àlá nìkan dájọ́. Á gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, á bi Ifá.

Onímọ̀ kan tún wà, Otto Loewi, ní ìlú Graz ní Austria. Ó lá àlá bí òun ṣe lè fi ọkàn àkèré méjì mọ ọ̀nà tí iṣan fi ń ránṣẹ́ sí ọkàn. Ó jí lóru, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sùn padà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lè ka ohun tó kọ. Àlá náà tún padà wá lóru ọjọ́ kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sùn mọ́, ó gba ibi iṣẹ́ lọ lóru náà, ó dán an wò. Ó rí i pé òótọ́ ni. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1936. Ẹ wò ó dáadáa: àlá ló fún un ní ìbéèrè, ìdánwò ló fún un ní ìdáhùn. Ká ní ó kàn jí tó ń kéde ni, ta ni ì bá gbọ́?

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyẹn. Àlá lè bi yín ní ìbéèrè. Kò lè jẹ́rìí mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ dé ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, àlá ò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì yín.

FÓÌSÌ KẸRIN

Mo ti fẹ́ parí.

Tí ẹ bá lá àlá tó bà yín lẹ́rù, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí ni mo gbé wọ oorun lánàá? Gbèsè? Ìjà? Ibà? Ìròyìn ọ̀nà tí wọ́n ti jí èèyàn gbé? Tó bá jẹ́ nǹkan tí ojú lè wò, ẹ lọ wò ó. Tẹ́ ẹ bá lá àlá iná, ẹ wo wáyà ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ pa jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó rọ epo sí i. Ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára. Tó bá jẹ́ èèyàn lẹ rí lójú àlá, ẹ pè é, ẹ kí i, ẹ ní ṣé àlàáfíà lo wà. Ẹ má gbé e sí gúrúùpù.

Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ti rí ìjàǹbá, tí wọ́n ti rí wàhálà, tí ọjà wọn ti jó, tí àlá kan náà sì ń padà wá ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀yin ni mò ń bá wí báyìí. Kò sẹ́ni tó fi yín bú. Egbò ni, ó kàn jẹ́ pé inú ló wà. Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́ mi ní ohun tí mo ṣe. Ó ní ní ọ̀sán, kí n jókòó, kí n rọ́ àlá yẹn fún ara mi, àmọ́ kí n yí ìparí ẹ̀ padà sí bó ṣe wù mí, kí n máa rò ó bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí ogún. Mo kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọmọ mi sọ fún mi pé àwọn dókítà mọ̀ ọ́n, pé Barry Krakow àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà dán an wò lára àwọn obìnrin tí wọ́n ti fipá bá lò pọ̀, àlá burúkú wọn sì dín kù. Ọdún 2001 ni ìwé wọn jáde. Tí kò bá lọ, tàbí tí èèyàn bá ń jà, tó ń fò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì lójú oorun, kó lọ rí dókítà.

Ìparí tí mo fún tèmi ni pé ẹsẹ̀ mi gbé. Mo rìn gba inú èéfín jáde sí Ahmadu Bello Way. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rò ó bẹ́ẹ̀, mo ṣàkíyèsí pé mo di ọwọ́ ẹnì kan mú. Ọmọ yẹn ni. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, iná bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà sí oorun mi.

Ní ọdún 2009, mo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún òkú kan, mo wá a lọ. Ó ti di ìyá ọlọ́mọ, ọkọ tó fẹ́ ẹ gan-an ò tètè rí i fẹ́ torí ọ̀rọ̀ tí mo kọ sínú lẹ́tà. Mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ dìde." Mo kó owó tí mo jẹ ẹ́ kalẹ̀, ó gbà á. Ó wá sọ pé, "Mo ti dárí jì yín tipẹ́. Àmọ́ ẹ ò bi mí. Ká ní ẹ bi mí ni, mi ò bá sọ fún yín pé èmi náà ń lá àlá iná yẹn. Inú yàrá kan náà la jọ ń sùn."

Ẹ̀yin ará mi, àwa méjèèjì la jọ wà nínú ọjà lọ́jọ́ yẹn. Àwa méjèèjì la jọ ń jí lóru. Mo lé ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ohun tó ń ṣe mí.

Ó ku ọ̀rọ̀ èésú. Mo pe ẹni tó lá àlá kànga. Mo ní ọmọ mi, kí lo gbé wọ oorun lóru ọjọ́ Ajé? Ó dákẹ́. Ó ní lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, oníbàárà kan tí òun fọkàn tán gbé owó òun sá lọ, òun ò sì tíì lè sọ fún ọkọ òun. Òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́ níbí. Ẹ bá mi kí i. Ẹ tún bá a wá oníbàárà yẹn.

Nígbà tí àlá ti béèrè owó, mo lọ wo owó. Èmi àti akọ̀wé jókòó lánàá, a ṣí ìwé. Ẹni 24 ló ń dá a, ₦20,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ₦480,000 ló yẹ kó wà nílẹ̀ fún oṣù tó ń bọ̀, òun náà ló sì wà níbẹ̀. Ti obìnrin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, ẹ gbọ́ o: láàárín ọdún mẹ́fà, ó ti kó èésú yìí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń dá a lọ lẹ́yìn tó kó o tán. Ọlọ́jà ni gbogbo wa. Ẹni tó bá fẹ́ sá, ṣé kì í ṣe ọjọ́ kejì tó bá kó o ló ń sá ni?

Nítorí náà, oṣù tó ń bọ̀, òun ló máa kó o. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí míràn, kó mú ìwé wá, kó mú rìsíìtì wá, a ó gbọ́. Ẹni tó bá jẹ́ àlá ló ní, kó bi obìnrin náà léèrè kó tó bi àwa. Ẹ̀yin tí ẹ ò kó ọjà àwìn fún un mọ́, ẹ pè é lálẹ́ yìí. Ó wà nínú gúrúùpù yìí, ó ń gbọ́ gbogbo wa láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sì tíì sọ nǹkan kan. Ẹ má jẹ́ kó sun oorun míràn pẹ̀lú ẹ̀.

Ọlọ́run á jẹ́ ká sùn, á jẹ́ ká jí. Ọjà á tà. Ó dàárọ̀ o.